Ìpè Àwẹ̀ró ní Ìlú Ère Òkúta

Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò bá gba ìjókòó pípẹ́, kó yáa tètè tẹ́ àkísà sábẹ́ ara rẹ̀ báyìí, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Èmi alára ti tẹ́ ìrọ̀rí méjì, ìdí mi kò sì tíì dúpẹ́. Ìdí tó bí ọmọ mẹ́sàn-án, tó tún jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò fún àádọ́ta ọdún, kò mọ ọpẹ́ mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń bọ̀ wá dàgbà.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́wùmí ni mo fẹ́ sọ, obìnrin ọdẹ ìlú Àlàpà-Òkè, ẹni tó yìnbọn pa ẹfọ̀n nígbà tí oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní obìnrin kì í ṣọdẹ, kó lọ bi ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, Ọdẹ́wùmí ti darúgbó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́nká sí ìdálẹ̀ bí ẹ̀gúsí tó dànù, ajá ọdẹ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ti kú sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bó bá húkọ́ nínú yàrá, ògiri ló ń bá a húkọ́ padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń yọjú sí i: Àwẹ̀ró aláró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń rin ìhòòhò kiri àgbàlá. Àwẹ̀ró ti rẹ aṣọ nínú ìkòkò aró títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi gba àwọ̀ aró dé ìgúnpá, tí ọṣẹ kò ràn án mọ́. Òun náà kò ní ẹnì kankan nílé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà. Bí wọn kò bá jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọn á jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ yọ ọmú nínú àwọn méjèèjì. Ìjà yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ilé wọn dákẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ọdẹ́wùmí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó ní:

“Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ohun tó jù mí lọ ní ìlú yìí ló ti kú tán. Ibi tí mo bá dé, èmi ni àgbà. Ó ti sú mi.”

“Kí lo wá fẹ́?”

“Wọ́n ní ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ìlú kan wà tí ilé wọn ti dúró kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, tí wọn ò sì tíì wó. Mo fẹ́ lọ dúró lábẹ́ ògiri wọn, kí n lè mọ̀ pé ọmọdé ṣì ni mí.”

Ọdẹ́wùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìwọ tí o kò lè rìn dé odò kí orúnkún rẹ má dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́!”

“Ìwọ ńkọ́, tí o máa ń tọ̀ sára bí o bá sín?”

“Ó dáa. Àwa méjèèjì ló yẹ ìrìn-àjò.”

Ọdẹ́wùmí mọ ọ̀nà. Nínú Igbó Àìwẹ̀yìn, igi àràbà kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ìlú òyìnbó ló ń já sí. Ẹ má bi mí bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ òfuurufú kó wọkọ̀ òfuurufú, àwa ní àràbà. Ní ìdí igi náà, wọ́n bá bàbá kékeré kan tí etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí atẹ, tó tẹ́ wọn sóòrùn bí ẹni ń sá èlùbọ́. Elétí-bí-Atẹ lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ọ̀nà náà.

“Ẹ wá máa bọ̀,” ni ó wí. “Láti ilé yín ni mo ti ń gbọ́ ìjà yín. Ẹni tó kọ́kọ́ yọ ọmú kò tíì yé èmi náà.”

Ó tutọ́ sí wọn létí kí èdè gbogbo ayé lè máa yé wọn, ó wá kìlọ̀ fún wọn: “Ọjọ́ márùn-ún ni mo fún yín. Ìlú mẹ́ta ni ẹ ó rí. Ìlú yòówù kí ẹ wà, ẹnubodè rẹ̀ tó gbó jù ni kí ẹ wá, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi. Bí oòrùn ọjọ́ karùn-ún bá wọ̀ tí mi ò rí yín, ilẹ̀kùn á tì, ẹ ó sì di ará ibẹ̀.”

Kí wọ́n tó wọlé, Ọdẹ́wùmí di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá mú. “Àwẹ̀ró, gbọ́ òfin ọdẹ. Ní igbó tí a kò mọ̀, ọdẹ kì í jẹ́ ìpè. Iwin a máa yá ohùn ènìyàn lò. Bí o bá ń wá mi, má pe orúkọ mi. Súfèé ni kí o sú.”

“Eyín wo ni kí n fi súfèé? Iwájú ẹnu mi yìí ti ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ẹnubodè.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n wọ inú igi. Ẹ wo bí àgbà méjì ṣe fi ẹ̀rín gbé ewu sápò! Kò sí ẹni tó bi èkejì pé, bí kò bá sí ìsúfèé, kí ni ká máa ṣe?

Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ já sí, omi ni òpópónà rẹ̀. Àwọn ilé ńláńlá dúró sínú omi títí dé ìbàdí, bí obìnrin tó káṣọ sókè láti la odò kọjá, tó wá gbàgbé ibi tó ń lọ. Gbogbo ará ìlú ló wọ ìbòjú. Ẹnu ìbòjú ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tó wà nínú ihò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọdẹ́wùmí kí ogójì ènìyàn, kò sí ẹni tó jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkíni tí a kò dáhùn a máa wúwo. Bí ènìyàn bá tún gbé e mì padà, bí òkúta ló ń rí nínú.

Atukọ̀ kan wà níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, imú ọkọ̀ náà ká sókè bí ìrù àkekèé. Ó ní òun kì í gbé ẹni tí kò bá tú àlọ́ òun: “Àlejò wo ló ń wọlé láìkanlẹ̀kùn, tó ń jẹun láìní eyín, tí onílé kò sì rí i lé?”

Ọdẹ́wùmí gbáyà. “Ikú ni!”

“Rárá.”

“Ó dáa, ìyá ọkọ tó wá wẹ ọmọ tuntun ni!”

“Ìyẹn sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.”

Àwẹ̀ró ti ọwọ́ bọ omi, ó tọ́ ọ wò bí aláró ṣe ń tọ́ ìkòkò rẹ̀ wò. “Omi ni. Omi ló ń jẹ ilé yín láti ìsàlẹ̀.”

Atukọ̀ bọ́ ìbòjú rẹ̀. Arúgbó ni, omijé ti la ojú rẹ̀ já bí àgbàrá. “Gbogbo àlejò ló ń wá wo ẹwà ilé wa,” ni ó wí, “ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.” Ó gbé wọn dé ààfin tó gbó jù. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú ògiri bí ọmọge tó ń kí àgbà, ó ní, “Ẹ̀yin tó jù mí lọ, mo kí yín o.” Orúnkún rẹ̀ há síbẹ̀. Ọdẹ́wùmí ní láti fi apá gbé e lábíyá dìde, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín nílẹ̀ títí àwọn oníbòjú fi yà fún wọn. Ẹ̀rín wọn nìkan ló dún ní ìlú náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì, wọ́n gba ẹnubodè tó gbó jù níbẹ̀ kọjá, wọ́n já sí ìlú kejì. Ilé gogoro kan wà láàárín ọjà, aago ńlá kan sì wà lára rẹ̀. Bí wákàtí bá pé, fèrèsé kékeré á ṣí lókè, àwọn ọmọláńgidi á jáde wá yí ká, egungun òkú kan tí kò lẹ́ran lára á sì máa fa agogo, á máa mi orí sí àwọn èrò ìsàlẹ̀ bí ẹni ń sọ pé, “Ìwọ ló kàn. Ìwọ náà ń bọ̀.”

Ọdẹ́wùmí wò ó, ara rẹ̀ ta. “Èmi ni ó ń mi orí sí?” Ó gbé ìbọn sí èjìká, ó yìn ín. Gbàù! Ọta há sí eyín ẹ̀rọ aago, aago dúró. Gbogbo ìlú náà sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé búrẹ́dì sẹ́nu, búrẹ́dì kò wọlé. Ọmọ kan ń sunkún, omijé dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹyẹ dúró lófuurufú bí ìgbà tí wọ́n so wọ́n rọ̀. Ọdẹ́wùmí yọ búrẹ́dì náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó jẹ ẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ebi ń pa á! Ká ní èmi ni, ǹ bá gba bọ́tà rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìdákẹ́jẹ́ náà fi wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n rìn káàkiri láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sí ẹni tó mí.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ni Àwẹ̀ró sọ ní ohùn jẹ́jẹ́, “ibí yìí jọ ilé mi.”

Wọ́n gun ilé gogoro náà láti lọ yọ ọta. Ọ̀ọ́dúnrún àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi gùn ún, ìgbésẹ̀ kan, ìsinmi kan, èébú kan. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi ìka aláró rẹ̀ yọ ọta náà, tí aago tún ń dún, tí ariwo ayé padà sí ìsàlẹ̀, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀:

“Ìwọ àti òfin ọdẹ rẹ! Ohun gbogbo tó bá ti mì, ẹran ni lójú rẹ. Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n fún wa, o fi ọta kan jẹ méjì níbẹ̀.”

Ọdẹ́wùmí fi ìbọn kọ́ èjìká. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n wọ ìlú kẹta. Ilé ìjọsìn ńlá kan wà níbẹ̀ tó ga ju òkè lọ, láti ìdí dé orí rẹ̀, ère òkúta ló wà lára ògiri: ọba, aboyún, alágbẹ̀dẹ, arúgbó, olórí burúkú tó yọ ahọ́n síta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, gbogbo wọn la ẹnu díẹ̀. Ọdẹ́wùmí kò fẹ́ràn ẹnu wọn tó là yẹn. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti rí fèrèsé gíláàsì kan tí oòrùn ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti aró tó mọ́ jù lọ láyé. Ó dúró síwájú rẹ̀, kò lè lọ mọ́.

“Ta ló rẹ èyí?” ni ó ń sọ. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rẹ èyí? Ewé wo ló fi rẹ ẹ́?”

“O máa wò ó pẹ́ o. Èmi ń lọ wá ẹnubodè tó gbó jù,” ni Ọdẹ́wùmí wí, ó sì wọ inú kọ̀rọ̀ kan.

Ibẹ̀ ni kùrukùru ti bo ìlú. Ó nípọn bí ẹ̀kọ. Ọdẹ́wùmí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ìbọn lé itan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“Ọdẹ́wùmí o!”

Ó gbọ́. Kò jẹ́.

“Ọdẹ́wùmí, apẹfọ̀n-tòun-toyún! Níbo lo wà?”

Ó mọ ohùn náà bó ṣe mọ ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n iwin a máa yá ohùn lò. Ọdẹ mélòó ló ti jẹ́ ìpè bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé fìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí lẹ́yìn ọjọ́ méje? Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí ọ mọ́ o. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Lẹ́yìn èyí, kò sí ohùn kankan mọ́.

Nígbà tí kùrukùru ká, Ọdẹ́wùmí sáré padà sí ìdí fèrèsé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó wọ kọ̀rọ̀, ó jáde ní kọ̀rọ̀. Ó súfèé, ìsúfèé náà lọ lu ògiri, ó padà wá bá a bí ajá tí kò rí ẹran. Oòrùn ti kọjá àtàrí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin tó sùn nínú igbó láàárín ìkookò yóò mọ ohun tí à ń pè ní dídá nìkan wà. Nínú igbó, bí o tilẹ̀ nìkan wà, ẹran ń gbọ́ òórùn rẹ, ó mọ̀ pé o wà. Ní ìlú yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ sàmì sórí òkúta.

Ó bá ìyá arúgbó òyìnbó kan lórí àga níwájú ilé ìjọsìn, tó ń fọ́ búrẹ́dì fún àwọn ẹyẹlé.

“Ẹ kú ìjókòó o, ìyá. Ẹ ò rí obìnrin kan, tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró dé ìgúnpá?”

“Mo gbọ́ ọ,” ni ìyá ẹlẹ́yẹlé dáhùn. “Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pè. Ìwọ ló ń pè?”

“Èmi ni.”

“O ò jẹ́.”

“Mi ò jẹ́.”

Ìyá ẹlẹ́yẹlé tọ́ka sí ògiri. “Níbí, ẹni tó bá pe ẹni rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a kò jẹ́ ẹ, ara rẹ̀ á le. Gbogbo àwọn wọ̀nyẹn, ìpè ló wà lẹ́nu wọn. O lè dáhùn báyìí, yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń retí ìdáhùn, gbogbo wọn ni yóò sì yíjú sí ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni o lè fọwọ́ kàn. Bí o bá kan ẹni rẹ, á padà di ènìyàn. Bí o bá ṣì í, èyí tí o kàn á di iyẹ̀pẹ̀, ọwọ́ rẹ kò sì ní ràn wọ́n mọ́ láé.” Ó fọ́ búrẹ́dì díẹ̀ sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Mo dáhùn. Mo ṣì í.”

Ọdẹ́wùmí wo ògiri, ó ń wá ọwọ́ aláró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òkúta kò mọ aró! Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe rí, eérú-eérú. Oòrùn ti ń fara kan orí òrùlé. Ó gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Ó rú gbogbo òfin tí wọ́n fi tọ́ ọ, ó la ẹnu ní ilẹ̀ àjèjì, ó kígbe:

“Hòo! Èmi rèé o! Mo gbọ́ ọ! Àwẹ̀ró, mo mọ̀ pé ìwọ ni, mo mọ ohùn rẹ, mo sì dákẹ́!”

Ariwo kan dìde bí ìgbà tí igba obìnrin jọ ń lọ ata lórí ọlọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orí òkúta yípo lọ́rùn wọn, gbogbo ojú sì bọ́ sára Ọdẹ́wùmí. Ẹ ò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọba tí imú rẹ̀ ti kán ń rẹ́rìn-ín. Aboyún ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọ́n ti ń dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún wo arúgbó ará Àlàpà-Òkè bí ọmọ ṣe ń wo ìyá tó ti ọjà dé. Gbogbo wọn ló jọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èwo nínú wọn ni Àwẹ̀ró?

Ìgbà náà ló rí ọ̀kan lápá òsì, ní ìsàlẹ̀, láàárín alágbẹ̀dẹ àti ẹni tó gbé ìwé dání. Òun náà ti yíjú sí i pẹ̀lú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó wò ó tán, ó yọ ètè síta gọ̀ngọ̀, ó sì yíjú padà sí ògiri.

Ọdẹ́wùmí kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fò mọ́ ọn, ó gbá ère náà mú. Òkúta náà rọ̀, ó móoru, ó gbóòórùn aró.

“Mú ọwọ́ rẹ kúrò lára mi.”

“Àwẹ̀ró!”

“Má pe orúkọ mi. Inú òkúta níbẹ̀ ni mo ti ń wá àwáwí fún ọ. Mo ní arúgbó ni, etí rẹ̀ ti di, kò gbọ́ ni. Àfi ìgbà tí o la ẹnu rẹ gbàgà, tí o ní o gbọ́! O gbọ́, o sì jókòó?”

“Òfin ọdẹ—”

“Kí òfin ọdẹ máa wá bá ọ jẹ iṣu láti òní lọ.”

Ọdẹ́wùmí sunkún níwájú rẹ̀ láìnu ojú. Kò tún gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró kò dárí jì í. Ṣùgbọ́n oòrùn ń lọ, ó sì na apá aláró rẹ̀ sí i kí ó lè dì í mú, nítorí orúnkún rẹ̀ ṣì le bí òkúta.

Bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, ìyá ẹlẹ́yẹlé béèrè pé, “Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?”

“Òun nìkan ló bínú sí mi.”

Ìyá náà wo ògiri títí. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí, “a kò bá ara wa jà rí.”

Wọ́n sáré bí àwọn arúgbó ṣe ń sáré, ìyẹn ni pé ariwo pọ̀ ju ìrìn lọ. Ní ẹnubodè àtijọ́, Elétí-bí-Atẹ ti ń ká etí rẹ̀ nílẹ̀. Kí Ọdẹ́wùmí tó wọlé, ó wẹ̀yìn. Àwọn ère náà kò tíì yíjú padà. Gbogbo wọn ṣì ń wò ó, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn, wọ́n rò pé ó ń bọ̀ wá mú àwọn. Ilẹ̀kùn tì.

Ọjà mẹ́rin ni Àwẹ̀ró kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjà karùn-ún, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ tí òun gbóòórùn rẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ ìjà tó dùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n tún fi jà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà Àwẹ̀ró sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Ilé méjèèjì wá dákẹ́.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Ọdẹ́wùmí a máa gbé àpótí rẹ̀ síta, a kọjú sí Igbó Àìwẹ̀yìn. Ẹ ó kàn ṣàdédé gbọ́ tó ń kígbe pé, “Hòo! Mo gbọ́ o!” Àwọn ìyàwó ilé á máa fojú sọ̀rọ̀ sí ara wọn, wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti ń yí. Ọ̀kan nínú wọn lo ìgboyà lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pè yín? Ṣé Ìyá Aláró ni?”

“Rárá o, ìyàwó mi,” ni Ọdẹ́wùmí dáhùn. “Àwẹ̀ró kò ní pè mí mọ́, ó mọ ibi tí mo wà. Àwọn ẹlòmíràn ni. Mi ò mọ orúkọ wọn, ọwọ́ mi kò sì lè tó wọn mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pè, mo sì gbọ́.”

Ó tún kọjú sí igbó, ó sì tún dáhùn.